Ìbò Ìbejì Verna Ystad

Kò tíì mu kọfí. Ohun tí Verna Ystad ń tẹnu mọ́ lẹ́yìn náà nìyẹn, bí ẹni pé kọfí ni ìbá gbà á.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ wa. Yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀, omi ń ro sórí mábù dídán. Emmett Lindquist dúró níwájú rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, kóòtù lọ́rùn. Ojú rẹ̀ wú. Ojú ẹni tí kò sùn.

"Verna. Wọ́n fẹ́ la àyà Idella."

"Áà! Nígbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀."

Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n máa dìbò lórí adájọ́ tuntun fún ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀. Emmett kò fẹ́ adájọ́ yẹn. Verna fẹ́ ẹ, ó sì ní ìdí.

"Ṣé wàá bá mi ṣe ìbejì?"

"Kí lo tún ń bi mí sí? Lọ bá ìyàwó ẹ."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó parí.

Ìbejì yẹn, kò sí nínú ìwé òfin kankan. Àṣà ni. Aṣòfin kan fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ni, èkejì fẹ́ sọ rárá, àìsàn tàbí òkú dá ọ̀kan dúró sílé. Èyí tó wà ní ìjókòó á pa ẹnu mọ́, kò ní dìbò, kí àìsí èkejì má baà yí ohunkóhun padà. Kò sí ìwé. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ nìkan. Àwọn tó bá ara wọn jà títí dé ẹnu ọ̀nà ń ṣe ìbejì fún ara wọn, a ò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan já a rí.

Verna kì í ṣe èèyàn ńlá. Ẹ máa rò ó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gíga, ọwọ́ pupa. Òun àti Gaylen ọkọ rẹ̀ ń gbin bíìtì, irú tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, lẹ́yìn ìlú wa, Nyvold. Láàárọ̀ ó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Bí ọmọ kan bá ń pariwo lẹ́yìn, kò ní yíjú. Á kàn fa ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀sì á rọra máa lọ, ọmọ náà á dákẹ́. Ìdí tó fi di aṣòfin ni pé ẹni tó wà níbẹ̀ kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó fẹ́ máa wakọ̀ lọ sí olú-ìlú nínú yìnyín oṣù kìíní. Wọ́n ní, Verna, ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀nà kì í bà ọ́ lẹ́rù. Ó lọ.

Lọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá sọ lọ́jọ́ Ajé, kò ní yí i padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹgbẹ́ òṣèlú kejì gan-an a máa sọ ọ́: ẹ lọ bi Verna, tó bá ní bẹ́ẹ̀ni, ẹ lọ sùn.

Emmett ni aládùúgbò rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹkùn wọn pààlà. Ẹgbẹ́ wọn ò pa pọ̀. Nígbà kan tí ìjì yìnyín há bọ́ọ̀sì Verna mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú rẹ̀, Emmett ló gbé katakata wá fà á. Àwọn ọmọ ń kọrin. Emmett ò sọ ju "Ó tutù díẹ̀" lọ. Irú èèyàn tí à ń sọ nìyẹn.

Nítorí náà, ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ yẹn kò wúwo lọ́kàn Verna. Ó lọ wá kọfí.

Nígbà tó di ọ̀sán, Rolf Aasen ránṣẹ́ pè é. Rolf ni olórí ẹgbẹ́ wọn nílé aṣòfin. Nílé, ó ń ta ìbánigbófò, ó sì ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni tí iná máa jó ilé ẹ̀ láìpẹ́.

"Verna, jókòó."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn báyìí."

"Wọ́n ní o bá Emmett ṣe ìbejì."

"Wọ́n fẹ́ la àyà ìyàwó ẹ̀."

"Mo gbọ́, kí Ọlọ́run ṣàánú. Ṣùgbọ́n lórí adájọ́? Verna! Lórí adájọ́ kẹ̀?"

"Ṣebí ìbò ni ìbò."

"Ìbò kọ́ ni ìbò, jàre!" Ó dìde, ó tún jókòó. "Gbọ́ mi. Tó bá jẹ́ òfin títì, òfin màlúù, àwọn tó bá jókòó nínú ilé là ń kà. Àbí? Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló borí."

"Mo mọ ìyẹn."

"Tó bá jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù, ìwé òfin ìpínlẹ̀ ní gbogbo àwọn tí ìlú yàn là á kà. Wọ́n wà níbẹ̀ o, wọn ò sí níbẹ̀ o. Márùndínlógójì ni wá. Adájọ́ gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ni méjìdínlógún. Ẹni tí kò bá wá, 'rárá' ló sọ. Emmett tó jókòó sọ́sibítù, 'rárá' ló ń sọ. Emmett tó ń pẹja lórí adágún, 'rárá' ló ń sọ. Emmett ì báà sun oorun títí ọdún tó ń bọ̀! Ìbejì wo lo wá ń fún un? Ó ti ní tiẹ̀ nílé!"

Verna dúró. Omi ara bàtà rẹ̀ ti gbẹ.

"Mélòó la ní?"

"Méjìdínlógún."

"Pẹ̀lú mi?"

"Pẹ̀lú ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, kì í ṣe pé òun àti Emmett dọ́gba. Òun nìkan ló pàdánù. Adájọ́ á ṣubú, orúkọ Verna ló sì máa wà lórí ìṣubú náà.

"O ti ń wá síbí tipẹ́," Rolf wí. "Báwo lo ò ṣe mọ̀?"

"Ìwọ náà ńkọ́? Ìgbà wo lo mọ̀?"

Rolf wo ojú fèrèsé. "Akọ̀wé ilé ló sọ fún mi láàárọ̀ yìí."

Àwọn adájọ́ tó ti kọjá, gbogbo ilé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ni sí wọn. Kò sẹ́ni tó kà á rí.

"Lọ já a," Rolf wí.

"Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Verna, ọwọ́ lásán ni!"

Verna jáde kí ó tó sọ ohun tí kò yẹ.

Àsìkò tó láti sọ ti Signe.

Signe ni ọmọ Verna kan ṣoṣo. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin níléèwé Nyvold. Ọdún méjì sẹ́yìn, ó lóyún. Ó ti sọ oyún náà lórúkọ, Tordis, kò sì tíì yẹ kó sọ ọ́. Omi inú oyún tú jáde lójijì, nígbà tí oyún kò tíì dàgbà tó láti mí fúnra rẹ̀. Kò sí dókítà tó sọ pé ó máa yè. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lù. Òfin ìpínlẹ̀ wa sì sọ pé dókítà tó bá fọwọ́ kan oyún tí ọkàn rẹ̀ ń lù, ẹ̀wọ̀n ni, àfi bí ìyá bá fẹ́ kú.

Bí ìyá bá fẹ́ kú. Ta ló ń wọn ìyẹn? Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Wọ́n dúró. Àwọn dókítà ń pe lọ́yà lórí fóònù. Verna jókòó, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó gbóná. Ó wá gbóná bí irin àgbá tí a dáná sí. Nígbà náà ni dókítà wọlé, ó ní ó ti tó, àwọn lè yọ oyún náà báyìí.

Signe ò kú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú ẹ̀ jókòó sí yàrá yẹn, kò bá wọn wálé. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ. Ó ní òun ò ní lóyún mọ́ lábẹ́ òfin yìí. Wọn ò sì lè kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí ilẹ̀ kì í bá èèyàn kó ẹrù.

Òfin náà wà níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù. Àwọn adájọ́ pín sí méjì dọ́gbadọ́gba, àga kan ṣófo. Thekla Brandvold, tí wọ́n fẹ́ gbé sórí àga yẹn, ti kọ ọ́ nílé ẹjọ́ kékeré pé a kì í dúró de ibà kí a tó tọ́jú aláìsàn. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló mọ ibi tó máa tẹ̀ sí.

Signe pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ti dé Nyvold.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ti gbé ìbò yín fún Emmett."

"Mi ò gbé e fún un. Mo bá a ṣe ìbejì ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Verna gbé fóònù sí etí kejì.

"Ṣé ẹ máa gbà á padà?"

"Signe, mo ti bọ ọkùnrin yẹn lọ́wọ́."

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń mí.

"Èmi náà di ọwọ́ yín mú lọ́jọ́ yẹn, Màmá."

Signe gé fóònù.

Verna fọ ife tó mọ́. Ó tún un fọ̀. Ó gbá yàrá tó háyà ní olú-ìlú, yàrá tí kò tóbi ju ìdí bọ́ọ̀sì lọ. Ó wọ kóòtù, ó bọ́ ọ. Ó jókòó sínú ọkọ̀ láìtan iná. Ara rẹ̀ ń yún un bí ẹni tí aṣọ òtútù gún. Ó pe Gaylen.

"Kí ni kí n ṣe?"

Gaylen kì í yára. Verna ń gbọ́ aago tó ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì ilé wọn.

"Ìwọ lo ṣèlérí," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà lo bí i."

"Gaylen, ìyẹn ò ràn mí lọ́wọ́."

"Mi ò sọ pé ó máa ràn ọ́ lọ́wọ́. O ní kí n sọ̀rọ̀."

Ọ̀nà kan wà. Ẹni tó gba ìbejì lè tú èkejì sílẹ̀. Bí Emmett bá ní "Lọ, mo ti tú ẹ sílẹ̀", ó ti tán, kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́rú, nígbà tí ilé sinmi fún oúnjẹ ọ̀sán, Verna wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù tí Idella wà. Yìnyín ń fẹ́ kọjá lórí títì bí èéfín. Kò gbọ́ rédíò. Ó ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sọ. Ó ń bàjẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Emmett wà ní yàrá ìdúró, ó ń jẹ páì ápù láti inú ike. Ó dìde.

"O wá! Idella ń sùn. Wọ́n ní kó sinmi sílẹ̀ de ọ̀la. Fẹ́ páì?"

"Rárá o. Emmett, jókòó."

Ó jókòó. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ike, dáadáa.

"Ó jọ pé o ti gbọ́," ó wí.

"Ìwọ náà ti gbọ́?"

"Lánàá. Ọ̀kan nínú àwọn tiwa ló pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi ọlọ́gbọ́n." Ó mi orí. "Mi ò mọ̀ nígbà tí mo béèrè, Verna. Mo búra. Mo rò pé bí ti tẹ́lẹ̀ ni."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́."

"O ṣé."

"Tú mi sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ báyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò lójú ọ̀nà ṣòfò.

Nọ́ọ̀sì kan kọjá, bàtà rẹ̀ ń dún.

"Bí mo bá tú ẹ sílẹ̀," Emmett wí, "èmi ni mo yan obìnrin yẹn. Kì í ṣe ìwọ. Èmi. O mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Ọmọ ni wọ́n, Verna. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ torí ìbò. Mo gbà á gbọ́ lórí eékún mi."

"Signe fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

"Mo mọ̀. Èmi àti Idella la gbé ìkòkò ànàmọ́ wá sílé yín. A gbàdúrà fún un. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un. Fún Tordis pẹ̀lú."

Orúkọ yẹn, lẹ́nu Emmett. Verna ò mọ̀ pé ó rántí rẹ̀. Inú bí i, inú rẹ̀ sì rọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èwo ló máa tẹ̀lé.

"Ọmọ mi ò lè lóyún, Emmett. Ẹ̀rù ń bà á."

"Ó dùn mí dé egungun." Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. "Mi ò lè purọ́ fún ẹ kí n ní mi ò láyọ̀ nígbà tí mo gbọ́ òfin yẹn lánàá. Mo ní, bóyá Ọlọ́run ló fi àìsàn Idella ṣe é. Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè tú ẹ sílẹ̀. Má bẹ̀ mí mọ́, torí ìwọ ni, mo lè gbà, mi ò sì ní dárí ji ara mi."

Verna dìde. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tún un bọ́, ó fi ọwọ́ lásán kan èjìká Emmett.

"Kí Idella yè o."

"Àmín. Rọra wakọ̀. Afẹ́fẹ́ le."

Ọjọ́bọ̀. Ilé kún. Òkè, níbi tí àwọn aráàlú ń jókòó, àwọn kan wọ aṣọ funfun, àwọn kan wọ elésè àlùkò, wọn ò wo ara wọn. Signe ò wá. Rolf wo Verna. Verna wo tábìlì.

Orúkọ ni akọ̀wé ilé ń pè, láti A. Ystad ni orúkọ rẹ̀, òun ló máa ń kẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tó bá kàn án, ọ̀rọ̀ ti tán, àwọn èèyàn ti ń kó àpò. Lónìí wọn ò kó àpò.

Bẹ́ẹ̀ni. Rárá. Rárá. Bẹ́ẹ̀ni. Wọ́n pe Lindquist. Kò sí níbí. Àga rẹ̀ ń wo Verna. Ní wákàtí yẹn gan-an, àyà Idella ti wà ní ṣíṣí.

Verna tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá búrékì.

"Ystad."

Bẹ́ẹ̀ni ti pé mẹ́tàdínlógún.

Ó dìde. Ọ̀rọ̀ wà tí oníbejì máa ń sọ, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Mo ní ìbejì pẹ̀lú aṣòfin Emmett Lindquist. Ká ní ó wà níbí ni, 'rárá' ni ìbá sọ. Ká ní ọwọ́ mi tú sílẹ̀ ni, 'bẹ́ẹ̀ni' ni ǹ bá sọ."

Ó ku gbólóhùn kan. *Nítorí náà, mo pa ẹnu mọ́.* Ó ku ìyẹn nìkan, kó sì jókòó, kó sì jẹ́ Verna tí wọ́n mọ̀.

Gbólóhùn náà kò jáde. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ọwọ́ pupa. Ó ń rántí bí ọwọ́ Signe ṣe gbóná.

Akọ̀wé ilé gbé ojú sókè. "Aṣòfin?"

"Bẹ́ẹ̀ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bẹ́ẹ̀ni tí ẹ̀ bá sọ ni, àbí bẹ́ẹ̀ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè, ó sì dákẹ́ kíá.

"Bẹ́ẹ̀ni," Verna wí. "Mo dìbò. Bẹ́ẹ̀ni."

Ariwo sọ. Rolf dì mọ́ ọn, ó sọ ọ́ létí pé òun mọ̀ pé ó máa ṣe é, ó sì hàn pé kò mọ̀. Àwọn kan lókè ń sunkún, àwọn mìíràn náà ń sunkún. Ní ìhà kejì, àwọn ọkùnrin tó ti ń kí i látọjọ́ tó dé ń to ìwé wọn, wọn ò gbé ojú sókè. Verna jáde láì wọ kóòtù. Ó dúró nínú òtútù títí etí rẹ̀ fi ń dùn ún.

Idella yè.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́. Dókítà kò ní í dúró de ibà mọ́. Nyvold sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí Nyvold ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan: ní ìdajì gbólóhùn, lórí kọfí. Ẹnì kan kó kúrò ní ìjókòó tó ti ń bá Verna jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn fi ẹyin apẹ̀rẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò kọ orúkọ.

Signe wá. Ó jókòó sí kíṣìnnì, ó ń yí ife po.

"Mi ò mọ̀ bóyá mo máa lè, Màmá. Òfin ti yí. Èmi ò tíì mọ̀."

"Mi ò ṣe é kí o lè ṣe kíá."

"Mo mọ̀." Ó wò ó. "Ṣé ẹ kábàámọ̀ ẹ̀?"

"Lójoojúmọ́," Verna wí. "Màá sì tún un ṣe."

Lóṣù kìíní, ilé aṣòfin tún jókòó. Afárá tó wà lórí odò láàárín ẹkùn Verna àti ti Emmett ti ń dẹ̀, bọ́ọ̀sì iléèwé ò lè gorí rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ìyẹn. Verna lọ bá Emmett ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Látọjọ́ ìbò yẹn, Emmett kò bú u, kò yẹra fún un. Ó máa ń kí i. "Ẹ kú òtútù, aṣòfin." Ẹ. Aṣòfin. Ọkùnrin tó ti ń pè é ní Verna láti ọjọ́ katakata.

"Idella ńkọ́?"

"Ó ń rìn. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè."

"Emmett, afárá yẹn. Bí o bá gbé àbá ẹ̀ wá láti ìhà tìrẹ, èmi máa mú àwọn tiwa wá. Gbogbo wọn. Mo ṣèlérí."

Ó na ọwọ́.

Emmett wo ọwọ́ náà. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ì bá sàn ká ní ìbínú wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ sí àpò kóòtù, ó yọ bírò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Verna níbi tó nà án sí.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, aṣòfin," ó wí, jẹ́jẹ́. "Kí ẹ buwọ́ lù ú."

Àwọn èèyàn ń kọjá. Verna gbé ẹ̀yìn fáìlì rẹ̀ mọ́ ògiri, ó tẹ ìwé lé e. Bírò náà ò kọ́kọ́ yọ, òtútù ti mú un. Ó ha á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi yọ. Ó kọ ọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.